Ẹsẹ̀ Líle, Ẹsẹ̀ Rírọ̀

Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti kan ẹni mẹ́rin tí wọ́n mọ̀wàá hù ju bó ti yẹ lọ, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ parí kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ohun tí Àbíkẹ́yìn ń sọ nínú ara rẹ̀ nìyẹn bó ti dúró láàárín ilé ìtajà ọkọ̀, tó ń wo bí ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àti àbúrò bàbá rẹ̀ ṣe ń ti ọ̀rọ̀ síra wọn bí ẹni gba bọ́ọ̀lù, tí kò sí ẹni tó fẹ́ kó dúró lẹ́sẹ̀ òun.

"Ẹ̀yin lẹ mọ èyí tó dára, ọkọ mi," ni Ìyá wí fún àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Ìyàwó wa, ọkọ̀ yín ni. Ohun tí Àkọ́bí bá sọ la ó ṣe."

Àkọ́bí, tí í ṣe agbẹjọ́rò, fọwọ́ kan táì rẹ̀. "Níbi tí Bàbá Kékeré bá jókòó sí, sà, ẹnu tèmi ò tó o."

Obìnrin tó ń ta ọkọ̀ náà, tó fi okùn gbé gíláàsì ojú kọ́rùn, wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti ń rẹ́rìn-ín látàárọ̀, ẹ̀rín náà sì ti ń gbẹ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bàbá ló ní kí wọ́n bá òun ṣe ọkọ̀ náà kó tó kú. Ọkọ̀ asáré ni, irú èyí tó rẹlẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku, tó ń fi bátìrì àti epo bẹntiróòlù rìn pọ̀. Láti ìgbà tí irun orí Bàbá ti dúdú ló ti ń fẹ́ ọkọ̀ asáré, Ìyá ni kò gbà. Ó ní òun ò ní jókòó sínú ohun tó ń ké ramúramù bí ẹni tí olè jà. Ìgbà tí wọ́n wá ṣe èyí tó lè fi iná nìkan jáde kúrò nílé wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kò ní jí ọmọ aládùúgbò, Bàbá mú ìròyìn rẹ̀ wá bá Ìyá bí ẹni tó rí ẹ̀rí tuntun gbé lọ sílé ẹjọ́. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ rà á. Bàbá yan àwọ̀ ewé tó ṣú. Ó yan àga, ó yan iná, ó yan gbogbo rẹ̀ tán, ó ku nǹkan méjì: ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn sípíríìnì àti ṣọ́ọ̀kì tó gbé ara ọkọ̀ dúró, àti táyà. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ mú ìyàwó òun wá jókòó wò ó, nítorí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kò rí i mú wá. Bó ti ń fọ eyín láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, Ìyá kì í jáde mọ́, àfi bó bá ń lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn tó ń tọ́jú ẹ̀yìn rẹ̀. Àbíkẹ́yìn ló ń bá a gbé, òun ló sì ń wà á lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ọkọ̀ àtijọ́ kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ apá òsì ti kọ̀ láti ṣí. Ọkọ̀ tuntun yìí ni yóò máa gbé e lẹ́yìn èyí. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le, Ìyá kò ní lè gùn ún. Bí Ìyá ò bá sì lè gùn ún, a jẹ́ pé ohun tí ọkọ rẹ̀ rà nítorí tirẹ̀ gbẹ̀yìn láyé yìí, àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa gbé kiri. Ibi tí bàtà ti ń ta Àbíkẹ́yìn lẹ́sẹ̀ nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ náà kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti ránṣẹ́ pé bí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì bá lọ láìsí èsì, àwọn á gbé àyè Bàbá fún ẹlòmíràn.

"Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ," ni atajà wí. "Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló wà. Èkíní le, ó rẹlẹ̀, ó máa ń di ilẹ̀ mú ní kọ́nà. Èkejì rọ̀, ó ga díẹ̀, tó bá kan kòtò, òun ló máa ń jìyà ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ̀kẹta ní bọ́tìnnì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó le. Ẹ tún un tẹ̀, ó rọ̀."

"Ẹ fún wa ní ẹ̀kẹta nígbà náà," ni Àbíkẹ́yìn wí.

"Ẹ̀kẹta kì í dá rìn, mà. Táyà ńlá tí rọ́bà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń bá a wá. Kòtò tí ẹsẹ̀ bá sì dárí jì, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ò ní dárí jì í."

"Ẹ yà wọ́n."

"Ilé iṣẹ́ ló so wọ́n pọ̀."

"Kí ló dé tí wọ́n so wọ́n pọ̀?"

"Èmi kọ́, mà." Atajà mí kanlẹ̀. "Táyà fúnra rẹ̀ tún wà. Ti eré wà. Èyí tó wà fún òjò àtẹ̀ẹ̀rùn wà, ó nípọn, kì í pariwo. Èyí tó jẹ́ pé tó bá jò ẹ ṣì lè fi wa ọkọ̀ délé wà, ṣùgbọ́n ó gan bí igi."

Bàbá Kékeré kò gbọ́ apá ìkẹyìn yìí. Awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì ni, ariwo ọkọ̀ ti gba díẹ̀ lára etí rẹ̀. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ọkọ̀ pupa kan tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ líle nìyẹn, sà, pẹ̀lú táyà tẹ́ẹ́rẹ́. Ọkọ̀ tí a fi ń dán an wò ni. Èyí tó rọ̀ wà lẹ́yìn ilé, ẹ jẹ́ kí wọ́n..."

Bàbá Kékeré ti ń lọ sídìí ọkọ̀ pupa. Àkọ́bí tẹ̀ lé e, Ìyá tẹ̀ lé Àkọ́bí. Nínú ìdílé yìí, bí àgbà bá na ọ̀pá sí nǹkan, kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá ibẹ̀ ló fẹ́ nà án sí. Atajà gbé kọ́kọ́rọ́ fún Àbíkẹ́yìn, ó sì wò ó bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ náà ní láti kọ́kọ́ pinnu ẹ̀yà ara tí yóò fi sílẹ̀ lóde. Àkọ́bí ká ara rẹ̀ sẹ́yìn bí àga tí wọ́n ń ká pọ̀, orúnkún rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Bàbá Kékeré jókòó tì í, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín itan rẹ̀. Ìyá jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbíkẹ́yìn tó ń wà á, ó sì ti di ilẹ̀kùn mú kí ọkọ̀ tó gbéra rárá.

Ẹ́ńjìnnì kò dún. Wọ́n kàn ń lọ ni, bí ẹni tó yọ́ jáde kí ìwàásù tó parí. Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Kò pariwo lóòótọ́," ó wí.

Ibi tí ìgbádùn mọ nìyẹn. Wọ́n ti gbẹ́ òpópó tó wà níwájú ilé ìtajà náà nítorí páìpù omi, wọ́n dí i, wọ́n tún gbẹ́ ẹ nítorí pé wọ́n gbàgbé nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí táyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ojú àpá àkọ́kọ́, ó dún gbì, orí gbogbo wọn sì mì lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó gbà pẹ̀lú ara wọn.

"Ẹ wo bó ṣe ń di ilẹ̀ mú," ni Bàbá Kékeré wí láti ẹ̀yìn. "Ọkọ̀ tó mọ ilẹ̀ nìyẹn."

"Ó mọ̀ ọ́n, sà," ni Àkọ́bí dáhùn. "Ó ń sọ orúkọ òkúta kọ̀ọ̀kan fún wa."

"Àbí ó ti le jù?"

"Rárá, sà. Ó dára bẹ́ẹ̀."

"Ní gbogbo ọdún tí mo fi wa ọkọ̀ ojú irin, mi ò kó sí kòtò rí."

"Kò lè sí kòtò lójú irin, sà."

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn. Àwọn wọ̀nyí ò mọ ọ̀nà ṣe."

Wọ́n dé ibi gegele tí ìjọba fi ń dín eré ọkọ̀ kù níwájú iléèwé kan. Àbíkẹ́yìn rọra gùn ún bí ẹni tó ń gbé ẹyin, síbẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ ha á, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ gbì. Ohùn kékeré kan jáde lẹ́nu Ìyá.

"Màmá, ṣé ó dùn yín?"

"Máa wo iwájú ẹ."

Nígbà tí wọ́n padà dé, atajà ń dúró dè wọ́n. "Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dára," ni Ìyá wí, ó ṣì di òrùlé ọkọ̀ mú.

"Ó dára gan-an," ni Bàbá Kékeré wí, kó má baà dà bíi pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló mọ oore.

"Ó dára púpọ̀púpọ̀, sà," ni Àkọ́bí wí, nítorí pé òun kéré sí àwọn méjèèjì, ó sì yẹ kí tirẹ̀ pọ̀ jù.

Àbíkẹ́yìn la ẹnu. Ìyá wò ó, ìwò tí ìyá máa ń wo ọmọ tó fẹ́ ṣìwà hù níwájú àlejò. Àbíkẹ́yìn pa ẹnu dé.

"Kí n kọ ẹsẹ̀ líle nígbà náà?" ni atajà bi wọ́n.

"Ẹ jẹ́ ká lọ rò ó sí i," ni Àbíkẹ́yìn wí. Ohun kan ṣoṣo tó lè sọ nìyẹn láìtàpá sí ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ òògùn kíkorò.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá kò lọ sí yàrá. Ó dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Àbíkẹ́yìn gbé rọ́bà omi gbígbóná àti ìpara wá, ó jókòó tì í nílẹ̀.

"Níbo ló ti ń dùn yín?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó ń dùn mí?"

"Ẹ dojú bolẹ̀, Màmá."

"Mò ń sinmi ni."

"Ẹni tó ń sinmi kì í di ẹsẹ̀ tábìlì mú."

Ìyá fi ẹsẹ̀ tábìlì sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ohùn rẹ̀ sì ń jáde bí ohùn ẹni tó wà ní yàrá kejì. "Àbúrò bàbá rẹ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó ní ló lọ. Tí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ líle ni yóò fi rántí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó rí i. Ara mi á gbà á."

"Ara yín ò gbà á."

"Á gbà á. Kò sóhun tí kì í mọ́ni lára."

Apòògùn ni Àbíkẹ́yìn. Lẹ́yìn káńtà rẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí a máa sọ ibi tó ń ta wọ́n fún un láìtijú, wọn a tiẹ̀ fẹ́ ká aṣọ sókè kó lè rí i. Ìyá tó bí i lọ́mọ kò lè sọ tirẹ̀. Ó da ìpara sọ́wọ́, ó ń wá ojú ibẹ̀ kiri lẹ́yìn Ìyá bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Gbogbo ibi tó fọwọ́ kàn, Ìyá ní kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Àkọ́bí pe Àbíkẹ́yìn lórí fóònù.

"Ìbàdí mi ti pín sí méjì," ó wí. "Ta ló fẹ́ ra pákó onítáyà mẹ́rin?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ó dára púpọ̀púpọ̀."

"Kí lo fẹ́ kí n sọ níwájú Bàbá Kékeré? Màmá fúnra wọn ní ó dára. Tí Màmá bá ní ó dára, èmi ta ni?"

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe níwájú adájọ́?"

"Níwájú adájọ́, wọ́n ń sanwó fún mi kí n má gbà. Gbọ́, ìwọ bá Bàbá Kékeré sọ ọ́. Ìwọ ni wọ́n fẹ́ràn jù."

"Ìgbà tí wàhálà bá dé ni mo máa ń di àyànfẹ́."

Ṣùgbọ́n ọmọ kì í dìde ní ilé rẹ̀ kó lọ sọ fún àbúrò bàbá rẹ̀ pé ohun tó nawọ́ sí kò dára. Ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbé irú rẹ̀ gbà. Nígbà tí iṣẹ́ dẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Àbíkẹ́yìn bọ́ aṣọ funfun ilé òògùn, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó Bàbá Kékeré, tó ń rán kọ́tìnnì. Ó bá a lẹ́nu ẹ̀rọ, aṣọ òdòdó kan bo gbogbo orúnkún rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà létè rẹ̀.

"Màmá Kékeré, mo wá bẹ̀ yín ni. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn. Bàbá Kékeré fẹ́ràn ẹsẹ̀ líle yẹn, àwa sì..."

Màmá Kékeré yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ta ló fẹ́ràn kí ni?"

"Bàbá Kékeré."

"Ọkọ mi yìí? Látìgbà tó ti dé lọ́jọ́ náà ló ti ń fi omi gbígbóná jó ara. Ó ní òun ò tíì rí irú ọkọ̀ burúkú bẹ́ẹ̀ rí láyé."

Àbíkẹ́yìn wò ó. "Kí ló wá dé tí wọ́n ní ó dára gan-an?"

"Ó ní ẹ̀yin ọmọ lẹ fẹ́ ẹ. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa wí pé ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun kú tán, òun wá jókòó lé ìgbádùn àwọn ọmọ rẹ̀ lórí."

"Ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n na ọ̀pá sí i."

"Ó ní ọkọ̀ yẹn ló súnmọ́ òun jù. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni." Màmá Kékeré fi abẹ́rẹ́ padà sétè. "Ó sì ní gbogbo yín lẹ kàn tẹ̀ lé òun."

Àbíkẹ́yìn jókòó sórí òkìtì aṣọ láìtọrọ àyè. Ó kà wọ́n lọ́kàn: Ìyá ń fara dà á nítorí Bàbá Kékeré, Bàbá Kékeré ń fara dà á nítorí àwọn ọmọ, Àkọ́bí ń fara dà á nítorí àwọn àgbà méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ sì pa ẹnu mọ́ nítorí gbogbo wọn. Nínú gbogbo ilé, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó fẹ́ ẹsẹ̀ líle. Ẹsẹ̀ líle ni wọ́n sì ń lọ rà.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn, Màmá Kékeré."

"Tí mo bá sọ ọ́, á mọ̀ pé mo gbé ọ̀rọ̀ yàrá síta. Ẹ̀yin tí ẹ jọ gùn ún, ẹ jọ bọ́ sílẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Àbíkẹ́yìn pe gbogbo wọn sí pálọ̀. Ó ti rò ó dáadáa: bí kálukú bá ti sọ òótọ́ lójú ara wọn, ó parí nìyẹn. Ó gbé omi fún wọn, ó jókòó sí etí àga.

"Mo kàn fẹ́ kí kálukú sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an," ó wí.

Wọ́n wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n bọ́ṣọ. Bàbá Kékeré wo Ìyá, Ìyá wo omi inú ife, Àkọ́bí wúkọ́.

"Èmi rò pé," ni Àkọ́bí bẹ̀rẹ̀, ó ń rìn lórí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí yìnyín, "láìsọ pé ti ọjọ́ sí kò dára, ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn, èyí tó ní bọ́tìnnì, tó bá wu Bàbá Kékeré..."

"Bọ́tìnnì," ni Bàbá Kékeré wí. "Ta ni yóò máa tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹni tó bá ń wà á, sà."

"Tí ẹni tó jókòó bá fẹ́ kó rọ̀ ńkọ́?"

"Á sọ fún ẹni tó ń wà á, sà."

"Mi ò fẹ́ máa da ẹnikẹ́ni láàmú nítorí bọ́tìnnì," ni Ìyá wí pẹ̀lẹ́.

"Ẹ ò rí i?" ni Bàbá Kékeré wí. "Ìyàwó wa ò fẹ́ bọ́tìnnì."

"Mi ò sọ pé mi ò fẹ́ o, ọkọ mi. Tí ẹ̀yin bá fẹ́ ẹ, mo fẹ́ ẹ."

Àbíkẹ́yìn pe atajà lórí fóònù, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn gbọ́. Àkọ́bí bi í bóyá wọn ò lè gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kí àwọn sì bọ́ táyà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá dé, kí àwọn fi èyí tó nípọn sí i. Atajà ní bíréèkì tó ń bá a wá tóbi, ríìmù kékeré tó ń gba táyà nínípọn kò ní lè bò ó. Àkọ́bí béèrè bóyá bíréèkì kékeré wà. Atajà ní ó wà, ó wà lára èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Èèyàn á rò pé ojú ti wá là.

Bàbá Kékeré fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. "Ó ti ń pẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí gbogbo wa ti jọ fẹnu kò lé lórí tẹ́lẹ̀, kó má di ìjà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Àkọ́bí wí.

"Kò burú," ni Ìyá wí.

Àbíkẹ́yìn lọ sí ilé ìdáná, ó sì fọ gbogbo àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n tún dúró lórí ilẹ̀ dídán ilé ìtajà náà, wọ́n tò bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Atajà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ rẹ̀ lé apá, ó fi ìka kan sókè.

"Ẹsẹ̀ líle, táyà tẹ́ẹ́rẹ́. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, kò sí pípadà. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," ni Bàbá Kékeré wí.

Àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀ sórí táìlì. Kì í ṣe ohun tó gbèrò. Bóyá orúnkún rẹ̀ ló mọ̀ pé ohun tí ẹnu fẹ́ sọ wúwo ju ohun tí èèyàn lè dúró sọ lọ.

"Bàbá Kékeré, ẹ má bínú. Màmá, ẹ má bínú. Mi ò fara mọ́ ọn."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò fara mọ́ ọn, sà. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ líle ni, kí wọ́n gbé àyè náà fún ẹlòmíràn. Mi ò ní wà á. Èmi ni mo gbé Màmá dìde nílẹ̀ pálọ̀ lọ́jọ́ tí a gun ọkọ̀ pupa yẹn."

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" ni Ìyá wí. Etí rẹ̀ ń jó o. "Níwájú àlejò?"

"Ẹ bá mi wí nígbà tí a bá délé, Màmá."

Atajà rọra sọ ìka rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Kékeré kò wo Àbíkẹ́yìn mọ́. Ó ti yí padà sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tẹ orí sílẹ̀ kí etí rẹ̀ tó dára lè súnmọ́ ọn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, òun àti Àkọ́bí kò tíì bi í bóyá nǹkan kan ń dùn ún.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ̀yìn ń dùn yín ni?"

Ẹnu Ìyá ti ń lọ sí "rárá." Àbíkẹ́yìn rí i bó ti ń lọ. Ó dúró lójú ọ̀nà, kò dé ibẹ̀.

"Ó ń dùn mí, ọkọ mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Ẹ̀gbọ́n yín ni mo máa ń sọ fún. Tí a bá ti fẹ́ sùn, á ní, níbo lónìí? Mà á fi hàn án, á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó parí nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó fa etí ìborùn rẹ̀. "Látìgbà tí kò ti sí ẹni tó ń béèrè, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Èèyàn ò lè kàn dìde láàárín ilé kó ní, ẹ wá o, ibi báyìí ló ń dùn mí."

Níta, ẹnì kan ń fi omi fọ ọkọ̀, omi náà ń dún lára irin.

"Tèmi náà ń dùn mí," ni Bàbá Kékeré wí nígbẹ̀yìn. "Ìbàdí."

"Èmi náà, sà," ni Àkọ́bí wí.

Atajà bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ fún mi ni pé, láti ọjọ́ tí ẹ ti ń bọ̀ níbí, kò sẹ́nì kankan..."

"Ẹ má bi wá, ẹ jọ̀ọ́," ni Àbíkẹ́yìn wí, ó dìde, ó gbọn orúnkún. "Ẹ bá wa mú kọ́kọ́rọ́ èyí tó wà lẹ́yìn ilé wá."

Àwọ̀ eérú ni ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, ó ga díẹ̀ ju ti pupa lọ, eruku sì ti bo gíláàsì rẹ̀. Àkọ́bí ní òun kò tún ní ká ara òun mọ́ láéláé. Ó dúró ti atajà, kí ó lè sọ èsì fún un kí ọ̀sán tó pé. Bàbá Kékeré jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Kó tó wọ inú ọkọ̀, ó ti wo táyà rẹ̀ yí ká.

"Táyà yìí dà bíi bàtà òjò," ó wí.

"Ẹsẹ̀ tèmi náà ti wú," ni Ìyá dá a lóhùn, "mo sì ń fi í rìn."

Wọ́n gba òpópó tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n dí. Ọkọ̀ náà kan àpá àkọ́kọ́, ó tẹ̀, ó gòkè, ó bá tirẹ̀ lọ. Àbíkẹ́yìn mí.

"Ó sàn," ni Ìyá wí. Kí ọkàn Àbíkẹ́yìn tó balẹ̀ tán, Ìyá tún ti sọ̀rọ̀. "Ó sàn, ṣùgbọ́n àga yìí ń gún mí lẹ́yìn. Ta ló yan àga?"

"Bàbá ni."

"Ó yàn án fún gíga ara rẹ̀. Ṣé wọn ò lè pààrọ̀ ẹ̀?"

"Wọ́n ti ti ìyẹn pa, Màmá. Ẹsẹ̀ àti táyà ló kù."

"Ẹ bi wọ́n wò. Ọkọ mi, ẹ bá mi bi wọ́n."

Bàbá Kékeré pe Àkọ́bí, Àkọ́bí bi atajà, atajà sọ ohun kan tí Àkọ́bí kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá ní kí Àbíkẹ́yìn padà lọ sí ibi gegele iléèwé yẹn. Wọ́n padà lọ. Ó ní kó tún un gùn, pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Ó tún un gùn. Ó ní afẹ́fẹ́ tó ń jáde níwájú tutù jù. Ó ní èwo ni táyà tí kì í pariwo yẹn, ṣé òun ni wọ́n gùn yìí? Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé òun ni, ó ní kí wọ́n dákẹ́ kí òun gbọ́ bí kò ṣe ń pariwo. Wọ́n dákẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Màmá, ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé," ni Àbíkẹ́yìn wí, ó fún sítíárì mọ́ ọwọ́. "Ṣé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni mo sọ pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́? Ẹsẹ̀ rírọ̀, táyà òjò àtẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ mi, ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ ní èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀."

Bàbá Kékeré sọ ọ́ sínú fóònù pẹ̀lú ohùn tí ó fi ń kéde ibùdókọ̀ nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ èsì, ó ní, "Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́." Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀yìn ti àga, ó di ojú.

Wọ́n dé ibi iná ojú pópó, iná pupa dá wọn dúró. Ìyá ń yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí àga.

"Gegele yẹn náà kì í ṣe kékeré," ó wí. "Ó ta mí."

Àbíkẹ́yìn yọ ọwọ́ kan kúrò lórí sítíárì, ó fi sẹ́yìn ìyá rẹ̀, láàárín aṣọ àti àga.

"Níbí?"

"Rárá."

"Níbí ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀. Wá sísàlẹ̀ sí i. Má tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Iná ti di àwọ̀ ewé. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn fun fèrè, ó tún un fun, èkejì bá a lóhùn. Bàbá Kékeré la ojú, ó béèrè ohun tó dé. Àbíkẹ́yìn kò gbéra. Ìka rẹ̀ ń bá egungun ìyá rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè, Ìyá sì ń bá a wí, títí ó fi kan ibẹ̀.